Ọkọ mi ń wo àrá, èmi ń sá fún un: ta ló gbọ́n nínú wa?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ Ìyá Ọlọ́mọ Kan, Asérò, Abẹ́òkúta:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú òjò. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ èmi àti ọkọ mi. Bí òjò bá ti ṣú báyìí, kò ní wọlé. Àga ni yóò gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò fẹ̀yìn ti irin, yóò máa wo bí mọ̀nàmọ́ná ṣe ń kọ lọ́wọ́ àpáta Olúmọ lọ́hùn-ún. Bí àrá bá sán tí ilé mì tìtì, á ní, "Ìyẹn dáa!" Èmi ní tèmi, mo ti faṣọ bo dígí, mo ti pa gbogbo iná, mo ti bọ́ aṣọ pupa lọ́rùn ọmọ, èmi àti ọmọ náà, ọmọ ọdún méje, yóò sì ká jọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí yóò fi rọlẹ̀. Ó ní ojo ni mí, pé mo ń kọ́ ọmọ òun ní ìbẹ̀rù. Mo ní ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ ló ń fi ṣeré. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, a fà á débi pé a ò bára wa jẹun alẹ́. Ta ló gbọ́n nínú wa?

* * *

Àbúrò mi, ẹ kú òjò o. Kò sí ẹni tó gọ̀ nínú yín. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọkọ yín jókòó síbi tí kò yẹ, ẹ̀yin náà sì ń bẹ̀rù ohun tí kò yẹ. Èèyàn lè máa gbádùn àrá kó sì máa bẹ̀rù rẹ̀. Èmi ti ń ṣe méjèèjì pọ̀ láti kékeré. Ọ̀rọ̀ ibi tí èèyàn wà ni, àti ìgbà tó débẹ̀.

Aláró ni mí, Ìtokú ni mo ti ń tajà. Iṣẹ́ tí òjò ń dí lọ́wọ́ tó tiwa kò pọ̀ ní Abẹ́òkúta. Àdìrẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró máa ń ní àwọ̀ ewé lára. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di dúdú, oòrùn ló ń gbẹ ẹ́. Bí òjò bá ká a mọ́ orí okùn, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lè bàjẹ́. Síbẹ̀, bí oṣù Ẹrẹ́nà bá ti wọlé, tí ooru ń mú wa bí ẹni wà nínú ààrò, ojú mi kì í kúrò lójú ọ̀run. Òjò àkọ́rọ̀ kì í yọ́ wá. Ìlà-oòrùn ló ti ń bọ̀, lọ́wọ́ Ọ̀dẹ̀dá, ìkùukùu á dúdú bí ìdí ìkòkò aró. Afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ewúrẹ́ á ti máa wá abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Ìgbà náà ni ìjì á dé, á gbé eruku àti ọ̀rá sókè, àwọn páànù tó ti dípẹtà nísàlẹ̀ Olúmọ á máa lu ara wọn gbàgà-gbàgà. Òórùn ilẹ̀ tútù á ta sí wa nímú kí ẹ̀kán kan tó bọ́ lójú ọ̀run. Ẹni tó bá ní òun ò gbádùn ìyẹn, ooru oṣù Ẹrẹ́nà ò tíì mú un tó ni.

Nítorí náà mi ò lè bá yín bá ọkọ yín wí pé ó ń wò ó. Àga yẹn ni mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lé lórí, àti irin tó fẹ̀yìn tì.

* * *

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ẹ̀rù tèmi ti wá, kí ẹ má baà rò pé ẹni tí nǹkan ò ṣe rí ló ń sọ̀rọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi ni mò ń gbé. Láfún ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó mọ ìlú wa mọ̀ pé orí àpáta la ti ń sá láfún. Àpáta á gba oòrùn láti àárọ̀, á gbóná débi tí ẹsẹ̀ ò lè gbé e, ẹ̀gẹ́ tó wà lórí rẹ̀ á gbẹ kó tó dalẹ́. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Igbe, òjò ṣú lójijì. Wọ́n ní kí n sáré gbá láfún jọ. Mo mú ìgbálẹ̀ àti agbọ̀n, mo gun àpáta lọ. Òjò ò tíì kán. Ẹ gbọ́ ibẹ̀ yẹn dáadáa: òjò ò tíì kán rárá, oòrùn ṣì ń yọ lápá kan. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń gbá, ni mo rí i pé irun ọwọ́ mi dìde ṣánṣán. Mo rò pé òtútù ni.

Ìyá mi àgbà ké láti ẹnu ọ̀nà: "Fi sílẹ̀! Fi láfún sílẹ̀, máa bọ̀!" Obìnrin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀kún ọwọ́ kan ṣòfò ni wọ́n. Ohùn wọn ló bà mí lẹ́rù ju òjò lọ. Mo ju ìgbálẹ̀ nù, mo sá. Mi ò tíì wọlé tán tí funfun kan bo gbogbo nǹkan, ìró àti ìmọ́lẹ̀ dé pọ̀, etí mi dí. Igi àgbọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta ni àrá pa. Ó là á láti orí dé ìdí, èéfín ń jáde nínú rẹ̀. Agbọ̀n mi ṣì wà níbẹ̀, kò tó ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí ìdí igi yẹn.

Òjò gbé láfún ọjọ́ náà lọ. Ìyá mi àgbà ò sọ̀rọ̀ owó láfún yẹn títí wọ́n fi kú. Wọ́n fi mí sáàárín ẹsẹ̀ wọn lọ́nà àárín ilé, wọ́n po gaàrí fún mi, wọ́n fún mi ní àgbọn, a jọ ń gbọ́ bí òjò ṣe ń lu páànù títí oorun fi gbé mi lọ. Ẹ̀rù tí mo ní lónìí, ọjọ́ yẹn ló ti wá. Ìfẹ́ tí mo ní sí òjò, ọjọ́ yẹn náà ni. Àwọn àgbà ní ẹni tí Ṣàngó bá tojú rẹ̀ wọlẹ̀ kì í bá wọn bú Ọba Kòso. Èmi ò bú u. Ṣùgbọ́n mi ò torí ẹ̀ dijú.

* * *

Àwọn òǹkàwé mìíràn náà ti ń kọ̀wé sí mi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnì kan láti Láfẹ́nwá ní kí a dákẹ́ ariwo, pé àrá tó máa pani á pani, ibi yòówù kéèyàn wà, pé àyànmọ́ ni.

Rárá o. Mi ò gbà. Bí ó bá jẹ́ àyànmọ́ nìkan, kí ló dé tó jẹ́ pé ẹni tó wà lóko, ẹni tó wà lábẹ́ igi, ẹni tó wà lórí pápá bọ́ọ̀lù, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi là ń gbọ́ ìròyìn wọn? Àrá ń wá ọ̀nà tó rọrùn láti dé ilẹ̀. Ohun tó bá ga, tó dá dúró, tó ṣe ṣónṣó, òun ló sábà máa ń gbà kọjá. Lórí àpáta gbalasa, bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bá dìde dúró, òun ni igi tó ga jù níbẹ̀.

Èyí tó sì ń ṣe wá ní Abẹ́òkúta jù ni pé a rò pé òjò ni ewu. A ń dúró kí òjò kán ká tó sá. Àrá lè sán síbi tó jìnnà tó kìlómítà 15 sí ibi tí òjò ti ń rọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń bà, ó bà wọ́n kí òjò tó dé, tàbí nígbà tí òjò ti ń dá, tí wọ́n ti jáde. Ẹ̀yin ìyá oníláfún, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi aláró, àárín ìgbà tó ṣú sí ìgbà tó kán, tí a máa ń sáré káṣọ, ìgbà yẹn gan-an ló burú jù. Nísinsìnyí, bí mo bá gbọ́ kíkù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í káṣọ. Bí ó bá ká mi mọ́ ẹ̀gbẹ́ Olúmọ, kí aṣọ tutù. A ó tún un rẹ.

* * *

Ọ̀rọ̀ pé dígí àti aṣọ pupa ń fa àrá ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Bàbá kan ní ẹ̀gbọ́n òun wọ aṣọ pupa lọ́jọ́ tí àrá pa á, pé kí n má tan àwọn ọmọdé. Mo bá wọn kẹ́dùn, tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n, bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ẹ̀gbọ́n yín wà lọ́jọ́ náà? Wọ́n dá mi lóhùn pé ó ń ti oko bọ̀, ó yà sábẹ́ ìrókò. Ìrókò yẹn ni.

Èrò tèmi nípa pupa ni pé aṣọ Ṣàngó ni. Àwọn baba wa ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ aṣọ ọba níwájú ọba nígbà tó bá ń bínú. Ọ̀wọ̀ ni, mi ò fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ ọ, kó bọ́ ọ. Kó má ṣe rò pé funfun yóò gba òun lábẹ́ ìrókò.

Dígí náà nìyẹn. Àrá ò mọ dígí. Fífi aṣọ bò ó kò pa ẹnikẹ́ni lára, àfi pé ó ń gba àkókò tó yẹ kí ẹ fi yọ wáyà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Yíyọ ni mo wí. Àbúrò mi kan ní Ọbańtokò pa súwíìṣì, ó rò pé ó tó. Iná tó bẹ́ láti òkè sọ̀ kalẹ̀ lè fo àlàfo kékeré tó wà nínú súwíìṣì bí ẹni fo gọ́tà. Tẹlifíṣọ̀n, dẹkódà, ṣáájà méjì, gbogbo rẹ̀ jóná lálẹ́ ọjọ́ kan. Wáyà àwo sátẹláìtì tó wà lórí òrùlé ló bá wọlé. Bẹ́ẹ̀ sì ni iná ìjọba ò sí lálẹ́ ọjọ́ náà. A mọ̀ pé bí ìjì bá ti ń bọ̀, wọ́n á múná lọ, àwọn kan á wá ní ewu ti tán. Wáyà ṣì wà lójú òpó. Ó ṣì gba ilé yín kọjá.

Ẹni tó bá ń kọ́lé, kó jẹ́ kí oníná rẹ̀ ri irin mọ́lẹ̀ dáadáa, èyí tí wọ́n ń pè ní earth, kó má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín tàn án jẹ. Ilẹ̀ olókùúta ni tiwa. Ibi tí irin ò bá ti wọlẹ̀ jinlẹ̀, kí wọ́n wá ibòmíràn gbẹ́.

* * *

Ṣé fóònù ń fa àrá? Ìbéèrè yìí ti wá lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò fà á. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín nínú ilé, tí kò sí lẹ́nu ṣáájà, ẹ máa lò ó. Èyí tó wà lẹ́nu ṣáájà, tó sì wà ní etí yín, ìyẹn ni kí ẹ gbé sílẹ̀. Kí ẹ sì má wẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ omi ní àkókò náà, kí ẹ má fọ abọ́, pàápàá ilé tí páìpù rẹ̀ jẹ́ irin, tàbí tí tánkì rẹ̀ wà lórí ọ̀pá irin gíga. Ọ̀pọ̀ ilé tuntun ní Abẹ́òkúta ló ní irú ọ̀pá yẹn báyìí, ó sì ga ju òrùlé lọ.

* * *

Ó yá, àga ọkọ yín.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í ṣe inú ilé. Òrùlé rẹ̀ ń gba òjò, kò gba àrá. Bí ó bá tún wá fẹ̀yìn ti irin, tí irin yẹn sì kan òrùlé páànù, mi ò fẹ́ ronú kàn án. Kó gbé àga wọ pálọ̀. Kó kọjú sí fèrèsé tó kọ sí Olúmọ, kó ti gíláàsì, kó jìnnà sí irin ojú fèrèsé ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Yóò rí gbogbo rẹ̀. Èmi gan-an, ibi tí mo ti ń wò ó nìyẹn, ó ti lé ní 20 ọdún, kò sì sí ohun tó dín kù nínú adùn rẹ̀. Bí mọ̀nàmọ́ná bá kọ lóru, gbogbo àpáta á yọ lẹ́ẹ̀kan náà, funfun, títí kan ojú ihò wọn, ó sì tún ti pòórá. Afẹ́fẹ́ tí mọ̀nàmọ́ná bá gbà kọjá ń gbóná tó nǹkan bíi 30,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìlọ́po márùn-ún ìgbóná ojú oòrùn. Afẹ́fẹ́ yẹn á fẹ̀ lójijì, fífẹ̀ rẹ̀ ni ìró tí à ń pè ní àrá. Ẹni tó rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lójú fèrèsé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tó ní kò dùn mọ́ òun, ó kù sí i lọ́wọ́.

Ẹ̀yin náà, àbúrò mi, ẹ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyàrá tí ẹ wà dára. Bẹ́ẹ̀dì ò fi nǹkan kan kún un, ọmọ ló ń kọ́ pé òkùnkùn la fi ń dá àrá lóhùn.

* * *

Ọlọ́kadà kan bínú sí mi. Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn tó nílé ni mò ń sọ, pé òun tó wà lójú títì láti Kútọ̀ sí Pànsẹ́kẹ ńkọ́?

Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi, mo gbójú fo yín. Agboòrùn ńlá tí ẹ fi irin dè mọ́ ọ̀kadà, bí ó bá ti ń kù, ẹ ká a. Ẹ má dúró sábẹ́ igi máńgòrò, bí ó ti wù kí èrò pọ̀ níbẹ̀ tó. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù oníbíríkì, ẹ wọ báǹkì, ẹ wọ mọ́ṣáláṣí, ẹ tọrọ àyè. Inú mọ́tò tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ dára gan-an. Wọ́n sábà máa ń ní táyà ni kì í jẹ́ kí àrá wọlé. Irin ara mọ́tò ló ń gbé e gba ìta lọ sílẹ̀, ẹni tó wà nínú rẹ̀ á sì yè bí kò bá fọwọ́ kan irin. Rọ́bà sílípáàsì ò ṣe nǹkan kan. Ohun tó fo láti ojú ọ̀run dé ilẹ̀, ṣé rọ́bà tó fẹ́lẹ́ bí ìka ni yóò dá a dúró?

Ó tún béèrè pé ìgbà wo ni kí òun tó jáde. Ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn àrá tó sán gbẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé owó ni. Mo mọ̀.

* * *

Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ní kí n yé dárúkọ Ṣàngó. Ẹlòmíràn ní kò sí àrá tó ṣèèṣì pani, pé olè àti òpùrọ́ ni í pa, pé bí wọ́n bá wádìí ẹni náà wò, wọ́n á rí nǹkan.

Ibí yìí ni inú ti ń bí mi, ẹ forí jì mí. Nígbà tí mo wà lọ́mọbìnrin ọdún méjìdínlógún, àrá ba ọkùnrin kan lóko kan lápá Ọ̀dẹ̀dá, níbi tí a ti lọ ra ẹ̀gẹ́. Gbogbo wa rí i nílẹ̀. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní èèwọ̀ ni, pé ó di ìgbà tí magbà, àwòrò Ṣàngó, bá dé kó ṣe ohun tó yẹ, pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, agbára rẹ̀ á ràn án. A dúró yí i ká. Wọ́n ń sọ ohun tó ṣeé ṣe kó ti jí. Ìyàwó rẹ̀ wà láàárín wa, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ti lé ní 30 ọdún báyìí, mi ò tíì gbàgbé ojú obìnrin yẹn.

Ara ẹni tí àrá bà kì í gbé iná. Ẹ lè fọwọ́ kàn án lójú ẹsẹ̀. Ohun tó sábà ń pa wọ́n ni pé ọkàn dúró, èémí sì dúró, ọkàn tó dúró sì ṣeé jí nígbà mìíràn. Ẹ pe èèyàn, ẹ gbé e kúrò ní gbangba bí àrá bá ṣì ń sán, ẹ tẹ́ ẹ síbi tó le. Bí kò bá mí, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjì léra wọn láàárín àyà rẹ̀, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ dáadáa, tó sẹ̀ǹtímítà 5, kíákíá kíákíá, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ má dáwọ́ dúró títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn tàbí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe yóò fi gbà á lọ́wọ́ yín. Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń ka irú nǹkan báyìí, nínú ẹni 10 tí àrá bà, nǹkan bíi 9 ló ń yè é. Àwa dúró lóko yẹn títí ara ọkùnrin náà fi tutù.

Ẹni tó bá ní kí magbà wá, kó wá. Kó bá wa lẹ́nu iṣẹ́.

Ní ti ẹdùn àrá, òkúta tí wọ́n ní àrá ń jù sílẹ̀, tí bàbá mìíràn mẹ́nu bà: ìyá mi àgbà ní ọ̀kan, dúdú, ó ń dán, ó tutù lọ́wọ́. Oko ni wọ́n ti rí i lẹ́yìn òjò. Àwọn onímọ̀ ní àáké àwọn tó gbé ilẹ̀ yìí kí irin tó dé ni, pé òjò ló ń fọ ilẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ọwọ́ kan ló gbẹ́ ẹ, ìyẹn dá mi lójú. Mo ṣì ní in. Mi ò lè jù ú nù.

* * *

Arákùnrin kan tó wà ní Florida, ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé òjò alárá tiwọn ń bọ̀ ní ìgbà ooru wọn, láti oṣù Kẹfà sí ìkẹjọ, ní ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́, pé òun a máa ṣàárò Abẹ́òkúta bí ó bá ti ń rọ̀. Ẹ kú àárò ilé o. Òfin kan náà ni, lọ́hùn-ún àti níhìn-ín. Ó béèrè bóyá òótọ́ ni pé àrá kì í sán síbi kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Irọ́ ni. Àrá lè padà síbi kan náà, ó tilẹ̀ lè ba ẹnì kan náà léraléra: ọkùnrin kan wà ní Virginia níbẹ̀, Roy Sullivan, ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba. Láàárín 1942 sí 1977, ẹ̀ẹ̀meje ni àrá bà á, ó sì yè é nígbà méjèèje. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má lọ jókòó sídìí àgbọn tí àrá ti pa kan.

Ó tún ní kí n sọ ohun tí a ń jẹ bí òjò bá ń rọ̀. Ẹ̀gbọ́n, oṣù wo ni? Bí ó bá di Okúdù, àgbàdo sísè pẹ̀lú àgbọn. Ṣáájú ìgbà náà, àkàrà gbígbóná pẹ̀lú ẹ̀kọ. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì dá lálẹ́, tí èsúnsún bá ń fò yí gílóòbù ká, ẹ gbé abọ́ omi sábẹ́ iná, ẹ dín in, ẹ fi iyọ̀ sí i. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi ìgbálẹ̀ lé e.

* * *

Mo tún fẹ́ bẹ ẹ̀yin tí ẹ̀rù àrá ò bà: ẹ bẹ̀rù omi. Olókùúta ni ìlú wa, òjò kì í rí ibi rì sí. Orí àpáta ló ń ṣàn lọ sínú Ṣókórì, tí a ti kó ìdọ̀tí dí, tí a sì ti kọ́lé sí bèbè rẹ̀. Nínú oṣù Agẹmọ ọdún 2018, òjò kan rọ̀, ó gbé èèyàn lọ, ó gbé mọ́tò, ó wó ilé. Kì í ṣe àrá. Nígbà tí omi bá gba ojú ọ̀nà, tí ẹ ò rí ilẹ̀ mọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Omi tó dé orúnkún tó sì ń sáré lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Kí ẹ sì wo wáyà tó já lẹ́yìn ìjì. Ẹ lè máa rò pé iná ti kú lára rẹ̀, ó lè ṣàì kú.

* * *

Ìyá Ọlọ́mọ Kan padà wá. Ó ní ọkọ òun ti gbé àga wọ pálọ̀, pẹ̀lú ìkùnsínú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ṣì ń gbọ̀n bí àrá bá sán, kí ni kí òun ṣe?

Ẹ kọ́ ọ ní kíkà. Ìmọ́lẹ̀ ń dé ojú wa lójú ẹsẹ̀. Ìró ń fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta rin kìlómítà kan. Bí mọ̀nàmọ́ná bá ti kọ, kó bẹ̀rẹ̀, kó má kánjú: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin… Bí ó bá ka ẹ̀sán kí àrá tó sán, kìlómítà mẹ́ta ló wà. Bí òǹkà bá ń pọ̀ sí i, ó ń lọ nìyẹn, ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bí ó bá ń dín kù, ó ń bọ̀, kó sún mọ́ yín. Bí kò bá ti tó 30, kí gbogbo ará ilé ti wọlé. Ọmọ mi ọkùnrin bẹ̀rù àrá títí ó fi pé ọdún mẹ́jọ. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́ ọ, ó kà á títí ó fi sùn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, òun ló ń pè mí kí n wá gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí bàbá rẹ̀ ló máa bá a kà á. Àwọn méjèèjì ní iwájú fèrèsé, ẹ̀yin náà lẹ́yìn wọn, ọwọ́ yín léjìká wọn.

* * *

Ìbéèrè tó kẹ́yìn, láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà: ọmọ fẹ́ wẹ̀ nínú òjò bí àwọn ọmọ àdúgbò, ṣé kí òun jẹ́ kó lọ?

Òjò tó bá lárá, rárá. Bí àrá bá ti dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 30, tí òjò sì ń rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láìsí ìjì, ẹ jẹ́ kó lọ. Kó jìnnà sí gọ́tà, kó má dúró sábẹ́ ẹnu páànù tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ eruku kúrò lórí rẹ̀. Ẹ fún un ní ọṣẹ àti kànìnkànìn, kí ẹ̀yin náà mú aṣọ ìnura dúró lẹ́nu ọ̀nà.